Òkè kan, òfin méjì: ẹ̀tọ́ àwọn ará Palestine tó ń gbé lábẹ́ ṣọ́jà



Gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbé ìròyìn Ísírẹ́lì àti Palestine síbí ni mo ti ń mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn kan á ti kọ̀wé pé ilẹ̀ tí Ọlọ́run ṣèlérí fún Ábúráhámù ni, kí ẹnikẹ́ni má dá sí i. Àwọn mìíràn á ní àwọn ará wọn nínú Ìsìláàmù ni wọ́n ń pa. Ṣọ́ọ̀ṣì á lọ sápá kan, mọ́ṣáláṣí á lọ sápá kejì, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè tó yàtọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀tọ́ wo gan-an ni wọ́n ní wọ́n fi ń du àwọn èèyàn yìí? Ṣebí ogun ni, ogun kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́."

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ kò sì sí nínú Bíbélì tàbí Kùránì, inú ìwé òfin ló wà. Ogun ní òfin. Kí orílẹ̀-èdè kan ṣẹ́gun ilẹ̀ ẹlòmíì, kó sì fi ṣọ́jà jókòó síbẹ̀, èyí náà ní òfin tirẹ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè ayé ló sì fọwọ́ sí i. Òun ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí.

Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa Gásà. Kì í ṣe pé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kéré, ó pọ̀ débi pé ó tó àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ibi tí mo fẹ́ ká wò ni apá ìwọ̀ oòrùn odò Jọ́dánì, tí gbogbo ayé ń pè ní West Bank. Ibẹ̀ ni èèyàn ti lè rí bí ìṣàkóso ológun ṣe ń rí ní ọjọ́ tí ìbọn ò dún rárá: ọjọ́ iṣẹ́, ọjọ́ ilé-ìwé, ọjọ́ tí èèyàn fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù kún ilé rẹ̀.

Oṣù kẹfà ọdún 1967 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ogun ọjọ́ mẹ́fà péré ni. Nígbà tó fi máa parí, Ísírẹ́lì ti gba West Bank àti ìlà oòrùn Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ Jọ́dánì, ó gba Gásà àti aṣálẹ̀ Sínáì lọ́wọ́ Íjíbítì, ó sì gba òkè Golan lọ́wọ́ Síríà. Sínáì ti padà sọ́wọ́ Íjíbítì lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà ọdún 1979. West Bank ò padà sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Palestine tó ń gbé ibẹ̀ báyìí tó mílíọ̀nù mẹ́ta, ọ̀gágun Ísírẹ́lì kan sì ni aláṣẹ àgbà lórí ilẹ̀ náà. Ohun tó bá kọ sílẹ̀ tó sì buwọ́ lù, òfin ni. Àwa tí a gbé lábẹ́ ìjọba ológun ní Nàìjíríà mọ bí dìkírì ṣe ń rí, a sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó dìbò fún un. Ẹ wá fojú inú wo ìjọba ológun tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè mìíràn, tí kì í sọ èdè yín, tó ti wà láti 1967 tí kò tíì kógbá wọlé.

Ìwé òfin méjì ló ṣe pàtàkì jù níbí. Èkíní ni òfin Hague ti ọdún 1907. Èkejì ni Àdéhùn Geneva Kẹrin tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹjọ 1949, lẹ́yìn ohun tí ojú ayé rí lọ́wọ́ Hitler. Ísírẹ́lì fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ti Geneva, láti 1951 ló ti wà níbẹ̀. Tí n bá fi èdè wa sọ ọ́, ohun tí ìwé méjèèjì ń sọ ni pé ẹni tó ṣẹ́gun kò di onílẹ̀. Alágbàtọ́ ni. Ẹni tí wọ́n fi ilé sí lọ́wọ́ ò lè ta ilé, ò lè wó yàrá tó bá wù ú, ò sì lè kó àwọn ọmọ tirẹ̀ wọlé kó ní kí ọmọ onílé bọ́ síta. Títí onílé á fi dé, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tọ́jú ibẹ̀ àti àwọn tó bá níbẹ̀.

Ẹ wo díẹ̀ nínú ohun tí Àdéhùn Geneva Kẹrin kọ sílẹ̀. Abala 33 ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan jẹ ẹlòmíì, kí wọ́n má fìyà jẹ gbogbo ìlú torí ẹnì kan. Abala 53 ní wọn ò gbọ́dọ̀ ba ilé tàbí dúkìá jẹ́ àfi tí ìjà ogun gan-an bá sọ ọ́ di dandan. Abala 76 ní ẹni tí wọ́n bá mú, inú ilẹ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n tì í mọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ gbé e sọdá sí ìlú àwọn tó ṣẹ́gun. Abala 49 sì ni babańlá gbogbo àríyànjiyàn: wọn ò gbọ́dọ̀ lé àwọn ará ibẹ̀ kúrò ní tipátipá, wọn ò sì gbọ́dọ̀ kó àwọn aráàlú tiwọn wá tẹ̀dó sórí ilẹ̀ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọn ò mọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1967, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ogun, ìjọba Ísírẹ́lì bi agbẹjọ́rò àgbà ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn pé ṣé àwọn lè kó aráàlú lọ tẹ̀dó síbẹ̀. Theodor Meron lorúkọ rẹ̀. Júù ni, ó sì ti fojú ara rẹ̀ rí ìyà àgọ́ àwọn Násì ní kékeré. Ìdáhùn tó kọ fún wọn ni pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ta ko Àdéhùn Geneva Kẹrin. Wọ́n kà á, wọ́n gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lónìí àwọn olùtẹ̀dó tó wà ní West Bank ju 500,000 lọ, láì tíì ka àwọn tó lé ní 200,000 tó wà ní ìlà oòrùn Jerúsálẹ́mù. Meron ní tirẹ̀ di adájọ́ àti ààrẹ ilé ẹjọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn ogun Yugoslavia.

Ìjọba Ísírẹ́lì ní èsì tirẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ ọ. Wọ́n ní Jọ́dánì tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà ṣáájú 1967 kò gbà á lọ́nà òfin, nítorí náà ilẹ̀ tí à ń jà sí ni, kì í ṣe ilẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ onílẹ̀. Wọ́n tún ní àwọn Júù ti ń gbé Hébúrónì àti Jerúsálẹ́mù láti ayébáyé. Èyí kejì yẹn, òtítọ́ ni. Lọ́dún 1929, àwọn Árábù pa Júù 67 ní Hébúrónì, ìran àwọn tó kù kò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé tó wà ní Hague ti dáhùn èkíní ní 2004: Àdéhùn Geneva, ènìyàn ló ń dáàbò bò, kì í ṣe ọba. Kò kan ẹnikẹ́ni bóyá Jọ́dánì ló ni ilẹ̀ tàbí òun kọ́. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ní abúlé wà lábẹ́ ṣọ́jà tí kì í ṣe tirẹ̀, ìyẹn ti tó.

Ọmọ méjì, òkò kan náà

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọkùnrin méjì, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ olùtẹ̀dó tí ilé bàbá rẹ̀ wà lókè, èkejì jẹ́ ọmọ Palestine tí abúlé rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Àwọn méjèèjì ju òkò sí mọ́tò lójú ọ̀nà kan náà, lọ́jọ́ kan náà.

Ọmọ Ísírẹ́lì, ọlọ́pàá ló máa mú un. Kóòtù àwọn ọmọdé ní Ísírẹ́lì ni wọ́n máa gbé e lọ, níwájú adájọ́ tí kì í ṣe ṣọ́jà, òfin tí àwọn aṣòfin tí bàbá rẹ̀ dìbò yàn ṣe ni wọ́n á sì fi dá a lẹ́jọ́. Ọmọ Palestine, ṣọ́jà ló máa mú un, lọ́pọ̀ ìgbà lóru, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Kóòtù ológun ló ń lọ, bíi ti Ofer nítòsí Ramallah. Adájọ́ wọ aṣọ ṣọ́jà, agbẹjọ́rò ìjọba wọ aṣọ ṣọ́jà, èdè Hébérù ni wọ́n ń sọ, ògbufọ̀ á máa túmọ̀. Àgbàlagbà ọmọ Ísírẹ́lì tí wọ́n bá mú, láàárín wákàtí 24 ló gbọ́dọ̀ fojú kan adájọ́. Àgbàlagbà ará Palestine tí wọ́n bá fẹ̀sùn ààbò kàn lè dúró tó wákàtí 96. Títí di 2011 gan-an ni òfin ológun fi ń ka ọmọ Palestine tó ti pé ọdún 16 sí àgbàlagbà, nígbà tí ọmọ Ísírẹ́lì ò tíì di àgbàlagbà àfi tó bá pé 18.

Báwo ni ọmọ Ísírẹ́lì yẹn ṣe bọ́ lọ́wọ́ òfin ológun nígbà tó jẹ́ orí ilẹ̀ kan náà ló ń gbé? Òfin pàjáwìrì kan ló gbé e kúrò. Ọdún 1967 yẹn náà ni Ísírẹ́lì ṣe é, ó ní ọmọ Ísírẹ́lì tó bá ṣẹ̀ ní West Bank, òfin Ísírẹ́lì máa bá a lọ síbẹ̀ bí òjìji. Torí pé pàjáwìrì ni wọ́n pè é, ọdún márùn-ún márùn-ún ni ilé aṣòfin wọn, Knesset, máa ń sọ ọ́ dọ̀tun. Wọ́n ń ṣe é bọ̀, ẹnikẹ́ni ò bìkítà, àfi ìgbà tó di oṣù kẹfà 2022. Àwọn alátakò tí Netanyahu ń darí, tí wọ́n fẹ́ràn àwọn olùtẹ̀dó ju ẹnikẹ́ni lọ, dìbò lòdì sí i kí ìjọba Naftali Bennett lè wó. Ìbò 58 sí 52 ni wọ́n fi ṣubú. Ẹ gbọ́ ohun tí Bennett wá ṣe. Nígbà tó rí i pé tí òfin náà bá kú, ọmọ Ísírẹ́lì tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù máa bọ́ sábẹ́ òfin ṣọ́jà bíi ti àwọn aládùúgbò wọn, ńṣe ló ní kí wọ́n tú Knesset ká, torí tí wọ́n bá tú u ká, òfin náà á sún síwájú fúnra rẹ̀. Ìjọba kan gbà kí òun kú kí àwọn èèyàn tirẹ̀ má bàa gbé lábẹ́ òfin tí wọ́n fi ń ṣàkóso mílíọ̀nù mẹ́ta ẹlòmíì fún ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ní January 2023 wọ́n tún un ṣe. Mi ò rò pé ìwé kankan ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí tó bí ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ṣe ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ̀rí pé òfin méjèèjì kì í rí bákan náà wà nínú nọ́ńbà. Ìwé àkọsílẹ̀ kóòtù ológun fún 2010, tí ìwé ìròyìn Haaretz gbé jáde, ní 99.74 nínú ọgọ́rùn-ún ẹjọ́ ló parí sí ẹ̀bi. Ẹ má rò pé gbogbo wọn ló jẹ̀bi lóòótọ́. Púpọ̀ ń gbà pé àwọn jẹ̀bi torí pé tí wọ́n bá ní kí ẹjọ́ lọ títí, àtìmọ́lé tí wọ́n á fi dúró de ìdájọ́ lè ju ẹ̀wọ̀n tí wọ́n máa fún wọn lọ. Lódìkejì, Yesh Din, ẹgbẹ́ ọmọ Ísírẹ́lì tó ń tọpa irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, yẹ fáìlì tó ju 1,600 lọ wò láti 2005 sí 2023, níbi tí ará Palestine ti fẹjọ́ ìwà ipá àwọn ọmọ Ísírẹ́lì sun ọlọ́pàá ní West Bank. Nǹkan bíi 94 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n pa dé láìgbé ẹnikẹ́ni lọ kóòtù.

Àti pé kóòtù tún dára lójú ẹlòmíì. Àtìmọ́lé kan wà tí kò ní kóòtù tó ń gbọ́ ẹ̀sùn rárá. Ọ̀gágun á fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á gbé èèyàn fún oṣù mẹ́fà, wọn ò ní sọ ohun tó ṣe. Adájọ́ ológun máa wo fáìlì, àmọ́ ẹni tí wọ́n mú àti lọ́yà rẹ̀ ò ní rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí oṣù mẹ́fà bá pé, wọ́n lè tún fi mẹ́fà lé e, kò sí iye ìgbà tí wọn ò lè ṣe é. Láti 2023 wá, iye àwọn tó wà nínú irú àtìmọ́lé yìí ti fò kọjá 3,000. Gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú òfin pàjáwìrì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún Palestine ní 1945, nígbà tí wọ́n ń fi mú àwọn Júù àti Árábù pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí Dìkírì 2 ti ọdún 1984 nílùú wa níbí, mi ò ní láti ṣàlàyé fún yín bó ṣe ń dun ìdílé kí bàbá wà látìmọ́lé kí wọ́n má sì mọ ẹ̀sùn tí wọ́n máa lọ bẹ̀bẹ̀ fún.

Ilẹ̀ tí kò ní ìwé

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló yẹ kó yé Yorùbá jù, torí àwa náà mọ ilẹ̀ ìdílé. Bàbá ńlá dá oko síbẹ̀, gbogbo abúlé mọ ààlà, igi tí wọ́n gbìn ni ẹ̀rí. Ìwé kọ́? Ìwé wo?

Ní 1979, kóòtù tó ga jù ní Ísírẹ́lì dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní ẹjọ́ Elon Moreh. Àwọn onílẹ̀ tó jẹ́ ará Palestine ló pè é, wọ́n sì jàre: kóòtù ní wọn ò lè fi orúkọ ológun gba ilẹ̀ oníléonílẹ̀ láti kọ́ ilé olùtẹ̀dó. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ńṣe ni ìjọba wá ọ̀nà mìíràn gbà. Wọ́n lọ tú òfin ilẹ̀ ìjọba Ọ́tómánì ti 1858 jáde, òfin ayé àwọn Tọ́kì, tó ní irú ilẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá fi sílẹ̀ láìro fún ọdún mẹ́ta, ìjọba lè gbà á. Ilẹ̀ tí ìjọba Jọ́dánì ti fi orúkọ onílẹ̀ sínú ìwé kí ogun tó dé kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, àṣẹ ológun sì dá iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ yẹn dúró ní 1968. Báyìí ni òkè olókùúta tí ẹran ń jẹ̀ sí ṣe di ilẹ̀ ìjọba. Ìjọba wo? Ìjọba alágbàtọ́. Ta ni wọ́n wá fún? Àwọn olùtẹ̀dó ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́.

Ní 1995, àdéhùn Oslo kejì pín West Bank sí mẹ́ta, A, B àti C. Ìgbà díẹ̀ ni wọ́n sọ, ọdún márùn-ún, kí wọ́n fi parí ìjíròrò. Títí dòní. C ló tóbi jù, nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ọwọ́ ológun Ísírẹ́lì ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé níbẹ̀, kódà kó jẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí kànga, gbọ́dọ̀ gba pámíìtì lọ́wọ́ wọn. Láti 2016 sí 2018, ará Palestine béèrè pámíìtì ìgbà 1,485. Mọ́kànlélógún ni wọ́n fọwọ́ sí. Nítorí náà àwọn èèyàn ń kọ́lé láìgba pámíìtì, torí ọmọ ń gbéyàwó, ọmọ-ọmọ ń dé, kí ni wọ́n máa ṣe? Katapílà á sì dé lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní ilé yìí kò bófin mu. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé àwọn ará Palestine ò kàn fẹ́ràn òfin ìkọ́lé ni, nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ fi dá a lóhùn.

Ní gúúsù Hébúrónì, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Masafer Yatta, abúlé kéékèèké, àwọn darandaran, púpọ̀ wọn ń gbé inú ihò àpáta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn ológun kéde pé ibẹ̀ ti di pápá ìyìnbọn, wọ́n fún un ní nọ́ńbà: 918. Ní 1999 wọ́n lé nǹkan bí 700 èèyàn jáde. Wọ́n lọ sí kóòtù, kóòtù ní kí wọ́n padà sílé ná. Ẹjọ́ náà fa ìrù fún ohun tó ju ogún ọdún lọ. Ní oṣù karùn-ún 2022, kóòtù tó ga jù ní àwọn ará abúlé ò lè fi hàn pé ibẹ̀ ni ibùgbé wọn kí ìkéde tó wáyé, ọ̀nà sì là fún lílé èèyàn tó lé ní 1,000. Ọmọ ibẹ̀ kan, Basel Adra, ti ń fi kámẹ́rà ya katapílà láti kékeré. Òun, Hamdan Ballal, àti ọmọ Ísírẹ́lì méjì, Yuval Abraham àti Rachel Szor, fi àwòrán wọ̀nyẹn ṣe fíìmù No Other Land, tó gba Oscar ní oṣù kẹta 2025. Lórí ìtàgé ní Amẹ́ríkà, Abraham sọ ọ́ gbangba pé òun àti Adra kì í jọ wà lábẹ́ òfin kan náà. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí àwọn olùtẹ̀dó lu Ballal ní abúlé rẹ̀, tí ṣọ́jà sì tún gbé òun tí wọ́n lù lọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ní 28 July 2025, wọ́n yìnbọn pa Awdah Hathaleen ní Umm al-Khair, abúlé tirẹ̀. Olùkọ́ ni, ó wà lára àwọn tó ran àwọn tó ṣe fíìmù náà lọ́wọ́.

Mo fẹ́ kí àwọn onígbàgbọ́ tó ń kà mí gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ sí ilẹ̀ mímọ́, tẹ́ ẹ ti ń fi JP sẹ́yìn orúkọ, ẹ rántí pé bọ́ọ̀sì yín kọjá ògiri gíga kan kẹ́ ẹ tó dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. West Bank ni Bẹ́tílẹ́hẹ́mù wà. Ìrìn tó wà láti ibẹ̀ dé Jerúsálẹ́mù kò ju kìlómítà mẹ́wàá lọ. Krìstẹ́nì pọ̀ ní ìlú yẹn, àwọn tí baba ńlá wọn ti ń kọ orin Kérésìmesì kí ẹnikẹ́ni tó wàásù dé Abẹ́òkúta. Tí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ ṣe Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì ibojì Jésù, ó gbọ́dọ̀ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ológun, wọ́n lè fún un, wọ́n lè má fún un, wọ́n lè fún ìyàwó kí wọ́n má fún ọkọ. Arìnrìn-àjò tó wá láti Ìbàdàn wọlé ju ọmọ onílé lọ. Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé sọ ní 2004 pé níbi tí ògiri náà ti wọ inú West Bank, kò bófin mu. Wọn ò ní Ísírẹ́lì ò lè mọ ògiri, wọ́n ní kó mọ ọ́n sórí ilẹ̀ tirẹ̀.

Hébúrónì tún wà níbẹ̀, níbi tí Ábúráhámù ra ilẹ̀ ìsìnkú Sárà sí. Ní February 1994, olùtẹ̀dó kan wọ mọ́ṣáláṣí tó wà lórí ibojì náà, ó sì yìnbọn pa èèyàn 29 tó ń kírun. Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti Òpópónà Shuhada, ọjà tó kún jù nílùú, mọ́ àwọn ará Palestine. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi irin jó pa ṣì wà níbẹ̀ di òní. Àwọn tí wọ́n pa èèyàn wọn ni wọ́n ti ọjà mọ́.

Ẹ̀rù ńkọ́? Ṣé ẹ̀rù Ísírẹ́lì kì í ṣe òótọ́ ni? Òótọ́ ni. Láàárín 2000 sí 2005, bọ́ǹbù ń dún nínú bọ́ọ̀sì àti ilé oúnjẹ, ó tó ọmọ Ísírẹ́lì 1,000 tó kú. Ní 7 October 2023, Hamas àti àwọn tó bá wọn lọ pa nǹkan bí 1,200 èèyàn, wọ́n kó 251 nígbèkùn. Òfin kan náà tí mo ń kà fún yín yìí ló sọ pé ìyẹn ìwà ọ̀daràn ni, kò sí ìjẹgàba tó sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ kí èèyàn pa ìyá arúgbó nínú ilé rẹ̀. Òfin náà sì gba ológun láyè kó dáàbò bo ara rẹ̀: kó yẹ mọ́tò wò, kó mú ẹni tó gbé ìbọn, kódà kó ti ẹni tó léwu gan-an mọ́lé fún ìgbà kan. Ohun tí mi ò rí nínú rẹ̀ ni bí ààbò ṣe béèrè pé kí wọ́n kó ìyá àti ọmọ wá láti Tel Aviv wá gbé àárín ibi tí wọ́n ní ó léwu. Agbo ilé olùtẹ̀dó kì í ṣe bárékè.

Kí n tún sọ ti àwọn aláṣẹ Palestine fúnra wọn, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé níbi tí ṣọ́jà Ísírẹ́lì ò bá sí, ayé rọgbọ. Mahmoud Abbas, wọ́n dìbò yàn án sípò ààrẹ ní January 2005 fún ọdún mẹ́rin. Ẹ ṣírò ọdún mẹ́rin yẹn fúnra yín. Ní June 2021, àwọn agbófinró rẹ̀ lọ mú Nizar Banat, ọkùnrin tó máa ń bú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n lù ú, ó sì kú lọ́wọ́ wọn. Ará West Bank ní ọ̀gá méjì, kò sì sí èyí tó lè fi ìbò lé lọ.

Ní 19 July 2024, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé tún sọ̀rọ̀, lọ́tẹ̀ yìí lórí gbogbo rẹ̀. Adájọ́ 11 sí 4 ní wíwà tí Ísírẹ́lì ṣì wà lórí ilẹ̀ náà kò bófin mu, kó kúrò ní kíá. Lórí kí wọ́n dáwọ́ ìtẹ̀dó dúró, 14 sí 1 ni, adájọ́ ọmọ Uganda, Julia Sebutinde, nìkan ló yapa. Ìmọ̀ràn ni irú ìdájọ́ yìí, kì í ṣe àṣẹ tí ọlọ́pàá máa gbé lọ. Àmọ́ ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ṣe pàtàkì sí mi ju iye ìbò lọ. Àwọn adájọ́ náà ní òfin ìjẹgàba, ipò ìgbà díẹ̀ ló wà fún. Ẹni tó bá wá fi agbára rẹ̀ gbé ilẹ̀ náà mì, tó sọ ìgbà díẹ̀ di títí ayé, ti kúrò lábẹ́ ohun tí òfin yẹn gbà láyè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò, 124 sí 14, orílẹ̀-èdè 43 kò dá sí i: wọ́n fún Ísírẹ́lì ní oṣù méjìlá kó fi kúrò.

Nígbà tí oṣù méjìlá yẹn kù díẹ̀ kó pé, ní August 2025, ìgbìmọ̀ ètò ìkọ́lé Ísírẹ́lì fọwọ́ sí ètò tí wọ́n ń pè ní E1, nǹkan bí 3,400 ilé fún àwọn olùtẹ̀dó, ní ìlà oòrùn Jerúsálẹ́mù, níbi tó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ gé West Bank sí méjì. Khan al-Ahmar wà ní àyíká ibẹ̀. Àwọn Bẹ́dúínì tí wọ́n lé kúrò ní aṣálẹ̀ Négébù láàárín àwọn ọdún 1950 ló ń gbé e. Nítorí pé wọn ò lè rí pámíìtì, ní 2009 àwọn ará Ítálì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti fi ògbólógbòó táyà mọ́tò àti amọ̀ kọ́ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ wọn. Kóòtù ti fọwọ́ sí i láti 2018 pé kí wọ́n wó gbogbo abúlé náà. Wọn ò tíì wó o. Àwọn ọmọ ṣì ń lọ síléèwé níbẹ̀.